Àfonífojì Tó Gba Ọkàn Aránṣọ

Ojú Abẹ́rẹ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí bí kọ́tìnnì bá wọ́ bíńtín, ojú rẹ̀ á ti rí i kí ẹni tó ni ín tó nawọ́ sí i. Kọ́tìnnì ló ń rán, òun àti aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Yàrá tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù kò gbà ju maṣíìnì méjì lọ, fèrèsé kan ṣoṣo tó sì ní, ògiri ilé kejì ló dojú kọ. Bó bá gbójú kúrò lórí abẹ́rẹ́, ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára ògiri yẹn ló ń rí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó mọ̀ pé ojú òun lè rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fà á. Tíṣà ni, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú kan lẹ́yìn àwọn òkè. Nígbà tó bímọ, ìyá wọn kò lágbára ìrìn àjò mọ́, ló bá ní kí àkọ́bí òun lọ bá a gbé ọmọ. Aránṣọ kùn títí. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ọmọ tirẹ̀ náà ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí àwàdà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní, "Máa lọ. Ká ní maṣíìnì yẹn lẹ́sẹ̀ ni, á ti sá fún ẹ tipẹ́. Jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Èmi á mójú tó ọmọ."

Bọ́ọ̀sì gun òkè títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná. Awakọ̀ ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè mí. Àwọn èrò ń ráhùn. Aránṣọ ní kí òun na ẹsẹ̀, ó rìn dé ibi tí ọ̀nà ti yí kọ́nà, ó sì dúró.

Ilẹ̀ tán níwájú rẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, láàárín òkè méjì, àfonífojì kan nà gbọọrọ, ó tutù yọ̀yọ̀, odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láàárín rẹ̀ bí òwú tó já bọ́ sórí aṣọ. Kùrukùru ṣì bo apá kan, oòrùn ti bọ́ sórí apá kejì. Òrùlé àwọn ilé ibẹ̀ kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Ajá kan gbó nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì gbọ́ ọ ketekete. Kò mọ ìgbà tí omi dé ojú rẹ̀. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé ó dà bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó ti fún un lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀.

Awakọ̀ fọn fèrè. Èrò kan yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Àǹtí, ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ kọ́lé sí ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó bá àbúrò rẹ̀ gbé ọmọ bó ṣe yẹ, ó fọṣọ, ó dáná, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbọ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà. Nígbà tó ń padà, ó ní kí awakọ̀ já òun sílẹ̀ ní kọ́nà yẹn, ó gbé báàgì rù, ó sì fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń sin oyin létí odò ló gbà á sílé. Ìyá Olóyin kò béèrè ohun tó bá wá. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Ó ti mú ìwọ náà nìyẹn. Wọlé wá, ọmọ mi. Omi ń bẹ lórí iná."

Láràárọ̀, àwọn méjèèjì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kùrukùru á ti bo gbogbo ilẹ̀. Oòrùn á wá máa ká a díẹ̀díẹ̀: igi kan á yọ, òmíràn á yọ, odò á yọ gbẹ̀yìn.

Nígbà tó délé, ọ̀rọ̀ àfonífojì di orin lẹ́nu rẹ̀. Oníbàárà tó wá fún kọ́tìnnì á gbọ́ nípa kùrukùru kó tó rí kọ́tìnnì gbà. Ọdọọdún ló ń lọ "kí àbúrò", gbogbo ẹbí sì mọ̀ pé àbúrò kọ́ ló ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ ní, "Bó bá jẹ́ pé o lálè nísàlẹ̀ òkè yẹn, sọ fún mi, kí n lọ kí i."

"Wá kí i, nígbà náà," ni aránṣọ wí.

Ló bá tẹ̀ lé e lóòótọ́. Wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ. Òtútù mú ọkùnrin yìí débi pé ó wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ní aránṣọ lòun rò pé òun fẹ́, òun ò mọ̀ pé ewúrẹ́ orí òkè ni. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyàwó jí, kò bá a lórí ẹní. Létí odò ló ti rí i, ó jókòó sórí ìtì igi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀ kò sọ nǹkan kan títí oòrùn fi dé ojú omi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí i.

"Gbogbo ọdún tó o ti ń sọ ọ́ yìí," ló wí, "o ò sọ ọ́ dáadáa."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó rí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. "Ibí ni pálọ̀. Ibí ni ṣọ́ọ̀bù ẹ. Fèrèsé mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ á kọjú sódò."

"Ta ni mo máa rán kọ́tìnnì fún níbí?"

"Fún ara ẹ. Àbí fèrèsé mẹ́ta ò tó iṣẹ́ ṣe?"

Ilé yẹn kò di kíkọ́. Ọmọ ń lọ síléèwé, iṣẹ́ ń wọlé, wọ́n á ní ó di àmọ́dún. Bí eré bí eré, àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́ lásán mú káfíńtà lọ.

Láti ìgbà náà, aránṣọ kò débẹ̀ mọ́. Bí àbúrò rẹ̀ bá ránṣẹ́ pè é, á ní orúnkún ń dun òun. Orúnkún ń dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù gan-an ló ń bà á. Lójú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ṣì jókòó sórí ìtì igi yẹn. Bí òun bá débẹ̀ tóun ò bá a, a jẹ́ pé òun tún pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti di nọ́ọ̀sì, ó sì ti ní mọ́tò, nígbà tó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Màámi, láti kékeré lẹ ti ń sọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ fún mi, ẹ̀yin àti Bàámi. Mi ò débẹ̀ rí. Ẹ mú mi lọ."

"Orúnkún mi ń dùn mí."

"Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ wọ bàtà."

Wọ́n ti da ọ̀dà sójú ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀. Òrùlé ti pọ̀ sí i, Ìyá Olóyin ti papò dà, ọmọ rẹ̀ ló ń sin oyin báyìí, ó sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Aránṣọ rìn dé etí odò. Ìtì igi ti jẹrà tán, koríko ti hù síbẹ̀. Ó sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà kò pẹ́ rárá, torí ẹnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn: ibí ni bàbá ẹ ti jókòó sínú ẹrẹ̀, ọ̀hún ló ní ká fi ṣe pálọ̀. Ẹ̀rín gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ rìn yí ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà ká. "Màámi, pálọ̀ yìí mà kéré o."

"Bàbá ẹ ló fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gùn."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọ jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora léjìká, ó gbé fóònù sókè kó ya fọ́tò kùrukùru. Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé e wálẹ̀ láìyà á. Ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀ títí odò fi yọ.

Bí wọ́n ṣe ń gòkè padà, ó béèrè pé, "Ṣé ká kọ́ yàrá kékeré kan síbẹ̀ fún yín?"

Ìyá rẹ̀ ronú sí i. "Jẹ́ ká máa wá ná," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe di òní. Aránṣọ ti darúgbó, ó sì ti fi maṣíìnì fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dá, tí òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ọmọ ló ń kọ́kọ́ béèrè pé ọjọ́ wo làwọn ń lọ.