Nọ́ọ̀sì Dà-á-síbẹ̀ àti Agolo Ìpara Mi

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Dà-á-síbẹ̀ ni gbogbo ìlú etíkun yẹn ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fìlà oòrùn àti ibi tí wọ́n ti ń yá àlejò ní kẹ̀kẹ́. Ó ga, ó gbẹ, orí irun ni gíláàsì ojú rẹ̀ sì máa ń wà, bí ẹni tó fẹ́ fi àtàrí ríran. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti ń gba àlejò níbẹ̀: ẹni tí oòrùn mú, ẹni tí ìgò gún lẹ́sẹ̀, ẹni tó jẹ àjẹjù torí pé wọ́n ti san owó oúnjẹ mọ́ owó yàrá. Iyanrìn kì í tán nílẹ̀ wọn. Ó sọ fún mi pé ilẹ̀ ibẹ̀ lòun kọ́kọ́ ń gbá kí òun tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti pé títí dòní, bí òun bá ti rí iyanrìn, ọwọ́ òun a máa wá ìgbálẹ̀.

Ǹ bá má mọ̀ ọ́n rárá. Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ wa ní kí àwa méjèèjì lọ fi ọjọ́ mẹ́rin sinmi létí òkun. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin tẹ̀ lé wa, ó ní kí a má baà sọnù. Èmi ni mo di ẹrù. Mo di bàtà mẹ́ta, mo di Bíbélì ńlá àti kékeré, mo wá gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì nílé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀. Ẹ̀rù bà mí láti sọ. Ọkọ mi kì í pariwo. Yóò kàn wò ọ́ bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo wá rántí pé èmi náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ṣí agolo ìpara kékeré tí mo ń kó oògùn mi sí, mo mú hóró funfun méjì jáde, bí ó ṣe máa ń lo tirẹ̀. Mo ní, "Bàbá, oògùn yín rèé." Ó gbé e mì, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ fara balẹ̀, ibi tí ìtìjú wà gan-an la dé yìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan kọ́ ló wà nínú agolo yẹn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti wo àtọ̀gbẹ mi sàn. Lọ́jọ́ náà, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Àyẹ̀wò tí mo ṣe lóṣù tó tẹ̀ lé e ni kò gbà á gbọ́. Wọ́n sì ti jó fún mi, wọ́n ti fi mí ṣe olórí àwọn ìyá aládùúrà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà lọ sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba ijó yín? Ni mo bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ní bòńkẹ́lẹ́. Mo ń yọ ọ́ nínú páálí rẹ̀, mo ń dà á pọ̀ mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹnikẹ́ni má baà ka orúkọ rẹ̀. Méjèèjì ló funfun, ìlà kékeré kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Gíláàsì mi sì wà ní balùwẹ̀ ní àárọ̀ yẹn.

Kó tó di ọ̀sán, lábẹ́ agboòrùn létí òkun, òógùn ti bo ọkọ mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ pe ọmọ wa. Awakọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló sáré gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn náà. Dà-á-síbẹ̀ gún un níka, ó wo ẹ̀rọ, ó sì ké sí dókítà. Ṣúgà ara ọkọ mi ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára.

Dókítà béèrè pé, "Ṣé bàbá ní àtọ̀gbẹ ni? Àbí ẹnì kan ń lo oògùn rẹ̀ nílé?"

Ọmọ mi ló dáhùn. "Rárá o, sà. Màmá mi ló ní in tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run sì ti wò wọ́n sàn. Gbogbo ìjọ ló mọ̀."

Mo ní, "Àmín." Ẹ gbọ́ mi: mo ní àmín!

Dà-á-síbẹ̀ fa gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ sójú, ó wò mí, ó sì mú mi lọ sẹ́yìn kọ́tìnì. Àwo irin fífẹ̀ kan wà lórí tábìlì níbẹ̀.

"Màmá, ẹ dà á síbẹ̀."

"Kí ni kí n dà?"

"Àpò yín. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì, àpò obìnrin ni o!"

"Èmi náà, obìnrin ni mí. Ẹ dà á síbẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi."

Mo dà á. Bíbélì kékeré jáde, ìgò òróró àdúrà jáde. Ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ọ̀rá ṣúgà kéékèèké bí ogún, tí mo ń ṣà lórí tábìlì oúnjẹ wọn fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Agolo ìpara ló jáde gbẹ̀yìn.

Ó mú ọ̀rá ṣúgà kan, ó gbé e sókè. "Bàbá ń kú lọ nítorí àìsí èyí, ẹ sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ogún." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí agolo náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra gbé e sílẹ̀.

Ó ní, "Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àlejò kan sọ fún mi pé òun kì í lo oògùn kankan. Mo kọ 'kò sí' sínú fáìlì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí mo ń kó ẹrù rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ tó di opó, mo rí oògùn nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àpò ni mo ń bi léèrè. Màmá, bó bá jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ ni bàbá mu, ara wọn á le báyìí, ẹ ó gbé wọn lọ, ṣúgà yẹn á sì tún já wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sùn."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kì í ṣe ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ìyá aládùúrà ni. Ẹ̀yìn wọn ni ọkọ mi tó dé.

Mo ní, "Hóró méjì ni. Èmi ni mo ni ín. Èmi ni mo fún wọn."

Kò bá mi wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ti ọmọ yín, ẹnu yín ló máa ti gbọ́ ọ." Ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù mi padà sínú àpò, ọṣẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n dá ọkọ mi dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣúgà rẹ̀ tún lọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Dà-á-síbẹ̀ sì bá a lọ́nà. Nígbà tí ojú ọkọ mi wálẹ̀ dáadáa, ó na ọwọ́ sí mi. "Ìyá wọn, ẹ̀rí ńlá rèé o! Lọ́jọ́ Ìsinmi, a máa dúró níwájú ìjọ." Ọmọ mi ti gbé fóònù, ó ti ń pe olórí akọrin.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, láti orí bàtà mẹ́ta títí dé orí agolo. Ọmọ mi gbé fóònù kúrò létí. Ọkọ mi wò mí, ìwò olùkọ́ yẹn.

"Ṣé ṣúgà wà nínú àpò rẹ nígbà tí mo ń gbọ̀n?"

"Ó wà."

"Fún mi ní ọ̀kan."

Ó dà á sínú tíì rẹ̀, ó fi ṣíbí rò ó, ó ń mu ún, ó ń wò mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dúró níwájú ìjọ lóòótọ́. Mo ní Olúwa ṣeun tó gba ọkọ mi là. Ibẹ̀ ni mo gé e sí, n kò dé orí agolo. Wọ́n jó, mo sì padà lọ jókòó. Ọkọ mi kò jó.

Oògùn mi ti wà nínú páálí rẹ̀ báyìí, lórí tábìlì pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì ńlá, orúkọ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀la, Ọjọ́rú, ni àwọn ìyá aládùúrà ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé nílé wa. Láti àárọ̀, mo ti gbé e kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì.