Ikọ́ Inú Pákó

Ìyá Onígbòkun ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí aṣọ ìgbòkun tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé ọkọ̀ rìn ló ń rán jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yi bí awọ bàtà. Nígbà tí ẹ̀rọ lé ìgbòkun kúrò lójú omi, ó yíjú sí kọ́tìnnì rírán, kò ráhùn. Ọkọ rẹ̀, atukọ̀, ti bá òkun lọ nígbà tí oyún kan ṣoṣo tí wọ́n ní ṣì wà níkùn ìyá. Ìgbì dá pákó ọkọ̀ padà sétí omi, kò dá ènìyàn padà.

Ọmọ inú oyún náà dàgbà, ó di obìnrin tó ń fi ìró ṣiṣẹ́ ọnà. Ó ra pákó àwọn ọkọ̀ àtijọ́ jọ, ó fi okùn so wọ́n rọ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti ṣófo, ó wá fi sípíkà kéékèèké tó ń gbé ìró tó ti gbà sílẹ̀ jáde pamọ́ sẹ́yìn wọn. Bí èèyàn bá ń rìn láàárín wọn, pákó á máa ké kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí ọkọ̀ wà lójú agbami. Ó bẹ ìyá rẹ̀ kó rán ìgbòkun kan sí àárín. Ìyá rán an.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àfihàn náà fún aráyé, ìyá wọlé, ó gbọ́ okùn, ó gbọ́ igi. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ikọ́, ikọ́ kékeré ti ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà, tó fẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé òun ti dé. Ó di ìgbòkun mú.

Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì, ó jókòó títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn. Inú ọmọ ń dùn pé iṣẹ́ òun wọ ìyá lára, àfìgbà tí ìyá sọ ohun tó ń gbọ́.

"Màmá, inú yàrá tí mo tì pa ni mo ti gba ìró yẹn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó wúkọ́ níbẹ̀."

"Bàbá rẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wúkọ́ bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà."

Ọmọ gbọ́ ìró náà látòkèdélẹ̀, kò bá ikọ́ kankan níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín pé etí àgbà ni, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú.

Nígbà tí àfihàn parí, òun nìkan ló ń tú pákó. Ó ti yọ iná gbogbo sípíkà. Bó ṣe ń gbé èyí tó kẹ́yìn, ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí padà, kò rí ẹnikẹ́ni.

Ilé ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ìyá wo ojú rẹ̀, ó sún àga fún un.

"Ó ti kí ọ nìyẹn," ló wí.

Ọmọ jókòó. Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè rí láyé rẹ̀: irú èèyàn wo ni bàbá òun? Ìyá gbé aṣọ tó ń rán kúrò lórí itan, ó ń ro ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.