Oblata: Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Pe Sístà Ará Íńdíà

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn sístà Àgùdà kan ní Padova, nílẹ̀ Ítálì. Aṣọ ni mò ń fọ̀, mo sì ń wẹ àwọn ìyá àgbà tí kò lè dìde mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn mọ́kànlá ló kù, gbogbo wọn ló sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, àfi ẹnì kan ṣoṣo, ọmọ Íńdíà, tí kò tíì pé ogójì.

Abúlé kan lẹ́bàá Ranchi ló ti wá. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n mú un wá sí Torino pé kó wá kọ́ ìgbé ayé àwọn sístà, kó sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Ní Torino ni kíndìnrín rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n sún ẹ̀jẹ́ rẹ̀ síwájú lọ́dún kan, wọ́n tún sún un lọ́dún kejì, wọ́n wá gbé e wá sí Padova, kò sì sẹ́ni tó mẹ́nu bà á mọ́. Òun ló ń dáná, òun ló ń ro ọgbà, òun ló ń ti kẹ̀kẹ́ àwọn ìyá àgbà lọ síbi àdúrà. "Sístà" ni mò ń pè é. "Mama" ni òun ń pè mí. Ítálì rẹ̀ dára ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ inú, Gẹ̀ẹ́sì la jọ máa ń sọ, tèmi láti Ìjẹ̀bú, tirẹ̀ láti Íńdíà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mama, madre pè mí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ́ ò ṣeé ṣe fún mi mọ́, torí àìsàn mi. Wọ́n ní àwọn á sọ mí di oblata."

Madre ni ọ̀gá wọn. Mo ní, "Kí nìyẹn?"

"Mi ò béèrè. Ojú tì mí. Mo kàn dúpẹ́ ni."

Ọmọ mi obìnrin, tó wà ní liceo, ilé ìwé girama, nígbà náà, máa ń ti ilé ìwé yà sọ́dọ̀ mi. A ní kó wò ó lórí fóònù.

"Significa offerta, mamma," ló wí.

Ẹni tí wọ́n fi ta Ọlọ́run lọ́rẹ ni. Sístà béèrè bóyá ìtumọ̀ Híńdì wà níbẹ̀. Méjì ló jáde. Ó ka àkọ́kọ́ sókè, "samarpit," ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ní ọ̀rọ̀ tó níyì ni, ti ẹni tó fi gbogbo ara rẹ̀ jìn. Ó ka ìkejì, "chapta."

Mo ní, "Èyí ńkọ́?"

Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Báyìí. Bí àkàrà pẹlẹbẹ."

Ọmọ mi fi Ítálì ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n kọ́ àwọn nìyẹn. Ó ní tí wọ́n bá ń sọ nípa ayé yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, oblate ni wọ́n máa ń pè é, torí pé ó rí roboto ṣùgbọ́n orí àti ìdí rẹ̀ tẹ́. Sístà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún un pé lédè tiwa, ohun tó tẹ́ àti ẹni tó tẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Nígbà tí àkókò tó láti tún permesso rẹ̀ ṣe, ìyẹn ìwé ìgbélùú, madre kọ lẹ́tà. Tẹ́lẹ̀, "novizia" ni wọ́n máa ń kọ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, "oblata" ni wọ́n kọ. Ẹsẹ̀ ń dun madre, èmi ni mo bá Sístà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ọkùnrin tó wà nídìí kàǹtà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ni?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ní contratto, pé iṣẹ́ lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Rárá."

Kò pariwo mọ́ wa. Ó ní oblata kì í ṣe sístà, ará ìjọ lásán ni, ìwé tó sì ń gbà látọjọ́ yìí kò wà fún irú rẹ̀. "Mi dispiace, signora," ló fi tọrọ àforíjì.

Madre sunkún nígbà tó gbọ́. Ó ní ọlá lòun rò pé òun fi kàn án. Mo bá Sístà kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù wọn nílé ní Íńdíà, bóyá wọ́n á rí àyè fún un lọ́hùn-ún. Èsì tó dé ní kí ló fà á tí obìnrin fi ń jẹ́ oblate. Lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n bá pe oblate, àwọn fadá kan ni wọ́n ń sọ. A tún kọ ọ́. Wọn ò dáhùn mọ́. Ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo abúlé pé sístà lọmọ òun.

Nígbà òtútù, méjì kú nínú àwọn ìyá àgbà, egungun ìdí madre sì ṣẹ́. Àwọn ọ̀gá pinnu láti ti ilé náà, wọ́n ní kí àwọn tó kù lọ sí ilé àwọn sístà arúgbó ní Udine. Orúkọ ọmọ Íńdíà kò sí nínú ìwé àwọn tó ń lọ. Sístà nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, òun ló gbé wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó de bẹ́líìtì mọ́ wọn láyà. Ọ̀kan tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó wá jókòó.

Sístà ní, "Mò ń bọ̀."

Ọ̀dọ̀ mi ló sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mú un lọ sí Mestre láti ra aṣọ tí kì í ṣe ti sístà, ó dúró níwájú dígí, kò mọ èyí tó bá a mu. Ó wá ríṣẹ́ badante ní Pordenone, ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan nínú ilé, láìsí ìwé kankan. Nígbà tí mo lọ kí i, ojú rẹ̀ ti wú. Mo ní ká lọ rí dókítà, ó ní wọ́n á béèrè ìwé. Ìyá tó bí i kú ní Íńdíà lọ́dún yẹn, kò lè lọ.

"Kí ni màá wọ̀ débẹ̀, Mama?"

Ó ṣe, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pordenone. Ọmọ ìyá arúgbó náà ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní ìyá òun ti kú, obìnrin náà sì ti gbé báàgì rẹ̀ lọ, òun ò mọ ibi tó lọ. Mo lọ sí ọsibítù. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀. Èyí tí àwọn sístà fún un nìkan ni mo mọ̀. Mo rí ti páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lórí kàǹtà lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì rántí rẹ̀ mọ́.