Ẹni Tó Mú Ọmọ Wá Ni Kó Mú Un Lọ

Èmi ni mo kọ́ wọn. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun gan-an ló ń dùn mí jù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lugbe, àwọn ọmọbìnrin tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ń bá wa tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nígbà tí àwọn ìyá wọn bá wà ní ìpàdé. Wọ́n ní kí n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó yá mi lára gan-an. Èmi tí wọn kì í jẹ́ kí n lanu ní ọ́fíìsì, mo wá rí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ tèmi!

Mo kọ́ wọn láti fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi kí wọ́n tó fi wẹ ọmọ. Mo ní kí wọ́n má fún ọmọ kékeré ní ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni mo tẹnu mọ́ jù: ẹni tó mú ọmọ wá ni kó mú un lọ.

Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sókè. Abuja ni wọ́n bí i sí, Yorùbá kò já geere lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kì í gbọ́. "Tó bá jẹ́ pásítọ̀ ńkọ́, mà?"

"Pásítọ̀ kọ́, áńgẹ́lì ni!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ni mo fi sí ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, tí àwọn akọrin ń ṣe ìdánrawò, Màmá dé ẹnu ọ̀nà ibi tí àwọn ọmọ wà. Màmá ni gbogbo ìjọ ń pe ìyá àgbà yìí. Àwọn ni wọ́n bá mi wẹ àkọ́bí mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn akọrin, lọ ra máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa. Ọmọdébìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mọ́mì ẹ̀ ló mú un wá. Mi ò lè gbé e fún yín."

Ariwo ta! "Èmi? Èmi tí mo pọn ẹ́! Ṣé gbọ́mọgbọ́mọ ni mí ni? Ta ló kọ́ ẹ ní ìwàkiwà yìí?"

Mo ń bọ̀ nínú ọgbà, mo gbọ́ ìbéèrè yẹn ketekete. Ọmọbìnrin náà rí mi, ara tù ú. Ó rò pé mo wá gbèjà òun ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "Ṣé Màmá lò ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí? Bẹ̀ wọ́n, kíá!" Mo fọwọ́ ara mi gbé ọmọkùnrin náà fún wọn, èmi náà tún kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọmọ ayé òde òní ni." Omijé lé ròrò sójú ọmọdébìnrin náà. Ó ní, "Sọ́rì, mà."

Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ fi jáde. Nígbà tó gbọ́, kò dúró wọ bàtà. Gbogbo wa sáré tẹ̀ lé e. A bá Màmá níwájú ọlọ́máásà, wọ́n kẹ̀yìn sí títì, wọ́n ń ná ọjà. Ọmọ ti já ọwọ́ gbà. Etí òpópónà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú ló wà, ọkọ̀ ń kọjá fìì-fìì níwájú rẹ̀, ọlọ́kadà kan sì di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú látẹ̀yìn, ó ń pariwo, "Kai! Kai!" Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ni wá lọ́jọ́ náà.

Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọdébìnrin náà: "Ìwọ tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Ọmọbìnrin náà wò mí. Ó ti sọ "sọ́rì, mà" lẹ́ẹ̀kejì kí ẹnu mi tó là: "Èmi ni mo gbé e." Áà, ojú gbà mí tì. Bí ilẹ̀ bá lanu, mo lè wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí a tún pàdé fún ẹ̀kọ́, mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní kò burú, mà. Mo wá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo bi wọ́n pé, "Tí àgbàlagbà bá wá gba ọmọ tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n mú un wá, kí lẹ máa ṣe?"

Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà náà ló na ọwọ́ sókè, ó sì dáhùn jẹ́jẹ́, láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

"A máa sọ pé rárá, mà. Lẹ́yìn náà a máa bẹ̀ wọ́n, a máa gbé e fún wọn."