Ìdí Tí Táíyé Kò Fi Kàwé Lọ

"Àǹtí Táíyé, ṣé ẹ kò mọ̀wé bíi ti Àǹtí Kẹ́hìndé ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fàthíà nígbà tó gbójúgbóyà béèrè bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Táíyé aránṣọ ní Mafoluku, níbi tó ti wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Táíyé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Táíyé, ó sorí kọ́ sí ìdí ẹ̀rọ, ó tún ń rán ibi tó ti rán tán.

Olódo ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ta ni ìbá sọ fún wọn pé òun ló ṣe ipò kìíní nígbà tí òun àti ìkejì rẹ̀ parí JSS 3? Bàbá wọn tó ń lẹ táyà ní Bọ́ládé pè wọ́n jókòó, ó ní apá òun kò ká ọmọ méjì mọ́. Ó ní Kẹ́hìndé ló rán Táíyé wá tọ́ ayé wò; ìránṣẹ́ kì í bá ẹni tó rán an du àga. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni kó máa kàwé lọ. Táíyé kúnlẹ̀, ó ní ó dára, ó bá lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ.

Báńkì ni Kẹ́hìndé ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, Ire-Akari ló ń gbé. Bó bá ní òun ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, Táíyé a ní kó má ṣèyọnu, òun ló máa wá bá a nílé. Kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà rí àwọn méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má baà máa béèrè ìdí tí ọ̀kan fi kàwé tí èkejì kò kà.

Lọ́dún tó kọjá, Fàthíà náà parí JSS 3. Rùfáì kápẹ́ńtà, bàbá rẹ̀, mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti téèpù tuntun. Ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni yóò tẹ̀síwájú, kí Táíyé bá òun kọ́ èyí níṣẹ́. Fàthíà ń wolẹ̀.

"Ṣé o rí àǹtí ẹ yìí?" ni Rùfáì wí. "Olódo lòun náà, wò ó bó ṣe dèèyàn."

Táíyé mọ̀ pé bóun bá fi lè gba sísọ́ọ̀sì yẹn, iléèwé ọmọ náà parí nìyẹn. Bóun bá sì lanu, bàbá òun tó ti darúgbó ni ayé yóò máa nàka sí. Ó ti sísọ́ọ̀sì àti téèpù náà padà sọ́dọ̀ Rùfáì, ó kọjú sí Fàthíà.

"Mo mọ̀wé, Fàthíà, mo mọ̀ ọ́n ju Kẹ́hìndé lọ. Bàbá mi ló yọ mí kúrò níléèwé. Kí ojú má baà tì wọ́n ni mo ṣe gbà kí gbogbo àdúgbò máa pè mí lólódo."