Àìsàn Reino Lẹ́nu Marjukka

Gbogbo ìlú Borås ní Sweden ló gbọ́ pé Marjukka Lahdenperä kú fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá nínú yàrá ooru tí a máa ń jókòó làágùn sí. Wọ́n ní ó dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, táwẹ́ẹ̀lì ló ró, wọ́n sì ní kó lọ múra dáadáa kó tó padà wá. Ìyá kan tiẹ̀ búra pé òun rí i níbi tó ti ń ra ẹyin, kò sì ní òjìji.

Irọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan kú lóòótọ́, ó sì jí padà. Reino Puustinen ni, àgbà kan láàárín àwa ọmọ Finland, tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ nílùú yìí. Èdè Sweden tó máa ń sọ kò ju "bẹ́ẹ̀ ni", "rárá" àti "ẹ̀rọ ti dúró" lọ. Marjukka ni ògbufọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Òfin iṣẹ́ wọn sì ni pé ògbufọ̀ kì í sọ pé, "Ó ní àyà ń dun òun." "Àyà ń dùn mí" ló máa wí, bí ẹni pé òun gan-an ni aláìsàn.

Ilé ìwòsàn wá pe àwọn aláìsàn sí ilé ìkàwé, kí kálukú fi èdè abínibí rẹ̀ ròyìn àìsàn rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Reino sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Marjukka gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Mo jókòó sínú yàrá ooru. Ọkàn mi dúró. Mo ṣubú." Ó fọwọ́ lé àyà. Yéè! Omijé tó dà níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kó ìwé sórí àjà kó má baà rin. Àwọn tó pẹ́ dé ò tiẹ̀ mọ̀ pé Reino wà níbẹ̀. Marjukka ni wọ́n dì mọ́, òun ni wọ́n gbé kéèkì fún. Reino ni wọ́n gbé àwo òfìfo fún, pé kó bá wọn gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ àwo.

Ọkùnrin tí kò jowú lórí ìyàwó rí bẹ̀rẹ̀ sí í jowú lórí àìsàn.

"Èmi kú, òun ń jẹ kéèkì!" ló ń pariwo mọ́ Aune ìyàwó rẹ̀, títí kọfí fi tutù.

"Bàbá Tiina, ṣé kéèkì lẹ ń wá ni? Ẹ jẹ́ n ṣe é."

"Ta ló fẹ́ kéèkì? Ọkàn ta ló dúró?"

"Tiyín ni. Èmi ni mo sì tẹ àyà yín títí áńbúláǹsì fi dé. Ta ló dì mọ́ èmi?"

Reino bu kọfí tútù náà mu.

Nígbà tí wọ́n tún pè é, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Marjukka ti fi aṣọ dúdú tuntun múra sílẹ̀ de ikú.

"Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn yín ni mo wà."

"Ó dáa. Lọ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá."

"Ta ló máa wá sọ ọ́ ní èdè Sweden?"

"Ẹni tó kú."

Ojú Marjukka pọ́n. Owú ọ̀hún ò tíì jáde kúrò nílé ìkàwé, ìjókòó ló kàn pààrọ̀.

Reino dìde. Ó kó gbogbo èdè Sweden tó ní jọ, kò kún ọwọ́.

"Obìnrin yẹn ò kú. Èmi ni mo kú. Kì í ṣe mọ́kànlá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mi ò rí ọ̀run. Pákó ilẹ̀ yàrá ooru ni mo rí." Ó wá ọ̀rọ̀, ó rí i. "Ní báyìí, tí Aune ò bá fọwọ́ lé mi láyà, mi ò lè sùn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyẹn, mi ò sọ fún Marjukka. Á dùn jù lẹ́nu ẹ̀."