Òrùka Irin Tí Bàbá Mi Lọ Wá

Èéfín ló kọ́kọ́ kàn mí nímú. Èéfín búlúù tó nípọn, tó ń rùn bí ọ́ìlì àti ẹsáǹsì, epo tí alùpùpù ń mu, tí wọ́n pò pọ̀, bo gbogbo àgbàlá wa lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn adìyẹ fò lọ sórí ògiri. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ di imú mú, ó wúkọ́, ó ṣépè fún ẹni tó ń dáná sun táyà. Èmi ní tèmi ń fa èéfín náà símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí alùpùpù yín kì í rú èéfín, tó kàn ń ṣe wùn-ùn bí eṣinṣin, kò lè yé yín. Ẹ ṣáà fìdí mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ n ròyìn rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé níhìn-ín ní Ṣábẹ̀ẹ́, láyé ìjọba ológun, tí kálukú ń pe ara wọn ní kamaráàdì, tí olùkọ́ ń kó wa lọ sí oko ilé-ìwé ká tó ṣíwèé rárá, alùpùpù kò pọ̀ nílùú. Bàbá mi ní ọ̀kan. Pupa ni, àga rẹ̀ gùn, ó sì ń pariwo ju bó ṣe ń sáré lọ. Iṣu ni bàbá mi ń ṣòwò. Á lọ rà á ní Kábúà àti Bòní, á dì í sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di Kútọnu. Èmi nìkan lọmọ tó bí. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ìró ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ lu àpáta òkè ìlú wa, á padà wá bá wa nílé kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Ìyá mi á ní, "Ó ti dé ìdí òkè," á sì sọ iṣu sódó. Iyán náà máa ń gbóná nígbà tó bá wọlé.

Irú ẹ́ńjìnnì yẹn kì í mu ẹsáǹsì lásán. Ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, bí wọn ò bá sì pò ó, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á há. Ó wá di ọdún kan tí ọ́ìlì wọ́n bí ojú. Ibi tí bàbá mi dé, "Kò sí" ni. Iṣu wà lóko, ẹni tí yóò rà á ò rọ́nà lọ. Ni bàbá mi bá wo òróró ẹ̀pà tí ìyá mi fi ń dín dùǹdú, ó ní, "Ṣebí òróró náà ni, òróró ò ju òróró lọ." Ó bù ú sínú ẹsáǹsì, ó fi igi rò ó.

Háà! Alùpùpù gbéra! Ibi tó bá gbà kọjá, òórùn dùǹdú gbígbóná níí máa ta lẹ́yìn rẹ̀. Ajá ń sáré tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bi mí bóyá ata wà nínú ẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ta ayò á dá a dúró lọ́nà: "Kamaráàdì onídùǹdú, tòní ti jinná bí?" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n lọ gbé abọ́ wá. Inú mi máa ń dùn nígbà náà, ẹ má purọ́ fún mi, kò sí bàbá ẹlòmíì tí alùpùpù rẹ̀ ń ta sánsán.

Àmọ́ òróró ẹ̀pà kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jóná mọ́ inú irin, bó ṣe máa ń gan mọ́ ìdí agbada. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ náà há lójú ọ̀nà Bòní, bàbá mi sì tì í wálé nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n tú u, òrùka irin tó wà lára písítọ̀nù ti kán. Nǹkan kékeré ni, kò tó ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọ ìkókó. Kò sí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kò sí ní Kútọnu náà. Ẹnì kan wá sọ pé òun rí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Bàbá mi ti alùpùpù náà sínú yàrá iṣu, ó fi aṣọ bò ó. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tí mo bá ti rí òrùka yẹn, mo dé." Mo bi í pé kí ló máa rà bọ̀ fún mi. Ó ní bọ́ńbọ́ọ̀nù tí mo fẹ́ràn láti máa lá. Ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba ọ̀nà Kábúà lọ sí ibodè, ó ju ọwọ́ sí wa. Òpin rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n wá a, wọ́n wá a tì. Àwọn kan ní àìsàn ló mú un lọ́nà, àwọn kan ní wọ́n ti í mọ́lé lẹ́nu ibodè, àwọn tí ẹnu wọn mú ní ó ti fẹ́yàwó sọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí wá. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀, wọn ò ṣòkú, wọn ò sunkún. Nílẹ̀ wa, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú á ṣe opó. Wọ́n á tú irun rẹ̀, á wọ aṣọ dúdú, á jókòó sórí ẹní, àwọn obìnrin á sì wá jókòó tì í títí yóò fi bọ́ aṣọ náà, tí ayé á tún bẹ̀rẹ̀ fún un. Ìyá mi ò rí ìyẹn ṣe. Àbúrò bàbá mi kó àwọn àgbà ẹbí wá pé kóun ṣú u lópó. Ìyá mi ní, "Ẹ dákun, ta ni wọ́n sin? Ẹ mú mi dé sàréè rẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Kò lọ́kọ, kò ṣopó, bẹ́ẹ̀ ló wà.

Èmi àti òun nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn. A máa ń jọ jẹun. Bí alùpùpù èyíkéyìí bá dún nídìí òkè, ọwọ́ rẹ̀ á dúró nínú àwo, títí ìró náà á fi kọjá lọ. Mo máa ń wọ yàrá iṣu lọ, mo máa ń jókòó sábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ náà, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí mi ò ní àbúrò, mi ò sì lè bá ìyá mi sọ ọ́. Ó dùn mí gan-an. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ ní Kútọnu, ọkọ mi kú, mo ṣe opó tèmi pé, mo sì padà wá tọ́jú ìyá mi tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Nígbà òjò ọdún yìí ni ògiri yàrá iṣu wó. Ìyá mi ní, "Gbé e jáde, kí o wá ẹni tí yóò tún un ṣe." Mo rò pé ó ṣì ń retí rẹ̀, pé ó fẹ́ kí alùpùpù wà ní sẹpẹ́ fún un.

Mo pe Sùlé, mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá ojú irin. Ó wo ìpẹtà, ó mi orí. "Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín fi ẹ́ńjìnnì Ṣáínà sí i."

"Tí o bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ohùn ẹlòmíì ni yóò máa fọ̀," ni mo dá a lóhùn.

"Ó dáa o, ẹ̀yin lẹ ni ín." Ó rẹ ẹ́ sínú epo gáàsì tí ọkọ̀ akẹ́rù ń mu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ṣàdédé ló bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, kí ni wọ́n dín nínú ẹ́ńjìnnì yìí?"

Ní ti òrùka, ó tẹ ẹnì kan láago ní Kútọnu. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ló gbé e wá, nínú ọ̀rá búrẹ́dì. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi, inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù. Nǹkan yìí! Nǹkan yìí ni odindi èèyàn bá lọ!

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, Sùlé ta á nípàá títí ó fi han. Ohùn rẹ̀ ni, kò yí padà. Ìyá mi jókòó níwájú ilé, ó gbọ́rí sókè. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ní kí n gúnyán. Ó ní kí Sùlé pa á.

"Òrùka ńkọ́? Ṣé ẹ rí i?"

"A rí i, Ìyá," ni Sùlé wí.

"Ibo lẹ ti rí i?"

"Kútọnu. Ọkọ̀ ló gbé e wá."

Ìyá mi ní, "Ohun tó lọ wá ti dé. Òun ò dé." Ó tú gèlè rẹ̀. "Ọmọ mi, wá tú irun mi."

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí bàbá mi rìnrìn àjò lọ wá, ìpè kan péré ló mú un dé ẹnu ọ̀nà wa. Àmọ́ ẹkún tí èèyàn ò sun kì í lọ síbì kan, ó ń dúró dè é ni. Mo jókòó sẹ́yìn ìyá mi, mo ń tú irun funfun náà ní ìdì kọ̀ọ̀kan, omi ń dà lójú mi. Ọmọbìnrin kan láti ilé kejì yọjú nítorí èéfín, ó rí wa, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ìyá àgbà, ta ló kú?"

Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Ọkọ mi ni."